"Má" Kan Tí Àbúrò Mi Jẹ Mí

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin sọ lórí rédíò pé èmi ni mo ní kí àwọn ará ìlú gbin ewébẹ̀ ní òjò àkọ́kọ́. Ó bẹ àwọn tí ohun ọ̀gbìn wọn gbẹ kí wọ́n forí jì mí, ó ní àgbà ti ń dé sí mi. N kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà ni mo ṣe fagi lé ìwé ìhágún tí mo fi pín ogún mi tẹ́lẹ̀, tí mo sì ń ṣe èyí dípò rẹ̀.

Èmi ni àkọ́bí káfíńtà àti alágbàfọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé tí mo ṣì ń gbé yìí. Orúkọ mi ní kíkún wà lára àwọn ìwé-ẹ̀rí tó wà lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n Ìyá Òjò Kejì ni gbogbo ìlú mọ̀ mí sí, orúkọ yẹn náà ni mo sì fi ń ṣe ìhágún. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì, mo sì jẹ́ olùdámọ̀ràn ọgbà fún àwọn ará ìlú títí mo fi fẹ̀yìn tì. Orí mi pé. Mo mọ ohun tí mo ní, mo mọ ẹni tí mo bí, mo sì mọ ẹni tó ṣẹ̀ mí. Ọkàn mi ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, dókítà sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe sún ohun tó bá yẹ kí n ṣe sí ọjọ́ iwájú. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú ìbínú ni mo ti kọ ọ́. Mo dúró kí ìbínú náà rọlẹ̀ kí n tó mú bírò.

Ẹ̀yin alámòójútó ìhágún mi, ìyẹn agbẹjọ́rò mi àti ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ ṣe é bí mo ṣe kọ ọ́.

1. Ẹ̀dà yòówù tí ẹ bá ṣe nínú ìwé yìí, kí gbogbo àmì ohùn orí rẹ̀ pé. Ẹ̀dà tí kò bá ní àmì kì í ṣe ìhágún mi, kí ilé ẹjọ́ má sì gbà á. Agbẹjọ́rò ní òun kò rí irú ìpín bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó kàn tẹ̀ ẹ́, pé ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

2. Ilé tí mo ń gbé di ti ọmọ mi obìnrin, pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú àwọn yàrá rẹ̀. Ó lè tà á bó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó má tà á fún ẹni tó fẹ́ da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé. Omi ìfọṣọ ìyá mi ló sọ ẹ̀yìnkùlé yẹn di ọgbà. Omi tó fi ń ṣan aṣọ kẹ́yìn, èyí tí ọṣẹ rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, máa ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná lọ sí ìsàlẹ̀. Ibi tó ń ṣàn dé ni tòmátì ti ń so nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọgbà gbogbo àdúgbò ti di eruku. Kí n tó wọ yunifásítì ni mo ti mọ̀ pé kí ènìyàn tó bèèrè ohun tó yẹ kó gbìn, kó kọ́kọ́ bèèrè ibi tí omi ń gbà.

Ọmọ mi, o ti sọ fún mi pé ọwọ́ tó ń fúnni lábẹ́rẹ́ kò lè máa roko. Mo gbọ́. N kò ní kí o roko. Má ṣáà jẹ́ kí wọ́n dí fèrèsé ilé ìdáná. Láti ibẹ̀ ni a ti ń rí òkè méjèèjì, ibẹ̀ ni a sì ti ń mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ wa ni òjò ń bọ̀ tàbí ó ń kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ẹ̀yìn òkè.

3. Ẹ̀rọ ìránṣọ ọkọ mi, pẹ̀lú gbogbo aṣọ ìbòji tó wà nínú àpótí onípákó lábẹ́ ibùsùn, di ti ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọgbà. Kí wọ́n lo aṣọ náà fún létúùsì àti kábéèjì, kì í ṣe fún kọ́tìnnì ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

Ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi ní yunifásítì ní kí a gbin létúùsì síbi tí oòrùn ti ń ràn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́. Níbi tí òun ń gbé, àlejò ni oòrùn, wọ́n sì ń yẹ́ ẹ sí nígbà tó bá yọjú. Níbí, onílé ni, kò sì ní ìtìjú. Létúùsì tí a bá gbìn sí gbangba lọ́dọ̀ wa á ga lójijì, á korò, á sì ti yọ òdòdó kí ẹnikẹ́ni tó rí ewé rẹ̀ já. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọkọ mi, tí í ṣe télọ̀, ó kó àpò ìrẹsì àti àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti ya jọ, ó fi téèpù wọn ebè mi bí ẹni ń wọn ìbàdí oníbàárà. Ó ní òun kò rí oníbàárà tó mọ ìwà hù tó bẹ́ẹ̀ rí, tí kì í ní kí òun dín in níbí kí òun tú u lọ́hùn-ún. Nígbà tí irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re, ó ní bí mo bá lè rí ìbòji ṣe fún létúùsì, kí n jọ̀ọ́ rántí òun náà. Mo rántí rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí àwọn olùkọ́ so aṣọ náà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ebè. Oòrùn ọ̀sán ló ń pa ewé, ti àárọ̀ kì í ṣe é ní nǹkan kan.

4. Gbèsè. Èmi kò jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ló jẹ mí, kì í sì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: "má".

Kí ẹ lè mọ bí gbèsè náà ṣe tó, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bí òjò wa ṣe rí. Àárín òkè méjì ni ìlú yìí wà. Òjò àkọ́kọ́ á rọ̀ bí ẹni fẹ́ wó ilé, orí ilẹ̀ á tutù, gbogbo ènìyàn á yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ki ìka bọ ilẹ̀ náà, eruku lẹ ó bá nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oòrùn á padà, á sì dúró títí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù á fi gbẹ pátápátá. Òjò kejì ló ń wọ inú ilẹ̀. Ní ẹ̀yìn òkè, òjò àkọ́kọ́ kì í dá wá. Òmíràn máa ń tẹ̀ lé e gbọ̀ngbọ̀n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di irúgbìn sínú páálí, ìmọ̀ràn ibẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí náà. Ìmọ̀ràn tó dára ni fún àwọn tó ni ín. Gbogbo iṣẹ́ ayé mi kò ju kí n máa sọ ìyàtọ̀ yìí lọ, mo sì sọ ọ́ títí wọ́n fi fi sọ mí lórúkọ.

Kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi, tí àwọn tó ń gbọ́ rédíò mọ̀ sí Ohùn Oyin, ní kí n kọ ìmọ̀ràn mi sórí káàdì tí àwọn ènìyàn lè fi kọ́ sára ògiri ilé ìdáná. Ẹni tí yóò pín in ni oníṣòwò irúgbìn tí wọ́n ń pè ní Alápò, òun náà ló ń gbọ́ bùkátà ètò àbúrò mi. Mo kọ ìlà méjì. Èkíní: Ẹ má gbìn ní òjò àkọ́kọ́. Èkejì: Ẹ dúró de òjò kejì. Nígbà tí káàdì náà jáde, ìlà kejì kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù Alápò ni wọ́n fi síbẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀: E ma gbin ni ojo akoko. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀.

Atẹ̀wé wá sílé mi láti tọrọ àforíjì. Ó ní ẹ̀rọ òun ni kò gba àmì ohùn, pé òun bi àbúrò mi bóyá kò ní dà rú mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Àbúrò mi ní kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ta ló ń wo àmì, ṣebí gbogbo wa la gbọ́ èdè wa. Mo gba ẹ̀bẹ̀ atẹ̀wé. Ká ní orí káàdì ni ọ̀rọ̀ náà dúró sí, ǹ bá pè é ní àṣìṣe, ǹ bá sì rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n rédíò kì í sọ̀rọ̀ láìsí àmì. Ẹnu ènìyàn ló ń fi àmì sí i. Àbúrò mi ka káàdì náà sétí gbogbo ìlú, ó sì fa ọ̀rọ̀ náà gùn dáadáa: Ẹ máa gbìn ní òjò àkọ́kọ́. Ó ní ojú ọjọ́ ti yí padà, ẹ̀gbọ́n òun náà sì ti yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà. Òótọ́ ni pé ojú ọjọ́ ń yí padà. Agolo tí mo fi ń wọn òjò ti fi hàn mí. Ohun tó yí padà ni pé òjò kejì túbọ̀ ń pẹ́ sí i. Ó túbọ̀ yẹ kí a dúró ni.

Àwọn ènìyàn gbìn. Ó hù, ó dára lójú, ó sì gbẹ. Wọ́n tún lọ ra irúgbìn mìíràn lọ́dọ̀ Alápò, ẹni tí irúgbìn rẹ̀ àtijọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá àkókò lílò kó tó rí wọn tà. Àwọn ọmọ tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ kò pè mí ní Ìyá Òjò Kejì mọ́. Ìyá Gbìn-kó-gbẹ ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á sì sá.

Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi, kò sá ní tiẹ̀. Ó dúró ní géètì mi, ó nàka sí ebè mi tó ṣófo, ó ní: "Ẹ wò ó. Ẹ ní kí àwa gbìn, ẹ̀yin ò gbìn. Ṣé nítorí ewúrẹ́ mi tó wọ ọgbà yín ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n ó fi ibi tó yẹ kí n wò hàn mí.

Mo lọ sílé àbúrò mi. Ní pálọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, máṣíìnì atẹ̀wé ló kó bá wa. Ohun tí mo rí ni mo kà." Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ ná, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó ti kọ ebè rẹ̀ tán, ó ti fi koríko gbígbẹ bò ó, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tòmátì rẹ̀ wà lábẹ́ ìbòji nínú agolo wàrà, wọ́n ń dúró de òjò kejì. Ìdí agolo kọ̀ọ̀kan ló gún níhò lọ́nà tí mo gbà kọ́ ọ. Ó ka "máa" fún ìlú, ó sì fi "má" pamọ́ fún ara rẹ̀.

N kò pariwo. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tòmátì náà ti ń rọ, mo bomi rin ín. Mo padà sí pálọ̀, mo sọ ohun tí mo rí. Ó ní òun yóò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe lórí ètò tó ń bọ̀. Ètò tó ń bọ̀ ọ̀hún ni ti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, èyí tó ti sọ fún ìlú pé àgbà ti ń dé sí mi.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò mọ ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Èmi ni mo tọ́ ọ nígbà tí ìyá wa kú. Nígbà tó ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ kiri láàárín ebè mi, ohun tó ń gbọ́ kò ju má tẹ̀ ẹ́, má fà á tu, má fi sẹ́nu lọ. Kó tó mọ orúkọ mi pè, Àǹtí Má ló ń pè mí. Títí tó fi gbéyàwó, bó bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi, orúkọ yẹn ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

5. Fún Alápò, n kò fi ohunkóhun sílẹ̀, n kò sì ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀. Òwò ló ń ṣe, kò sì sọ fún mi rí pé ohun mìíràn ni òun ń ṣe.

6. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi di ti Ìyá Ìbejì. Ìgbín ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í fọwọ́ kan ewé tó bá ti gbó díẹ̀, èyí tó sàn ju ohun tí mo lè sọ nípa ewúrẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí ewúrẹ́ yẹn, èmi àti òun ti fi ọdún púpọ̀ kíra wa tipátipá lórí odi. Ó jẹ kábéèjì mi títí dé ìdí, olówó rẹ̀ sì sọ fún mi pé ebi ò mọ ààlà. Ní báyìí, mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó wá sí géètì mi láti bú mi lójú mi ṣeé fọkàn tán ju ẹni tó ń bẹ ìlú kí wọ́n forí jì mí. Nítorí pé mo fi nǹkan sílẹ̀ fún un, kò lè ṣe ẹlẹ́rìí ìwé yìí. Ó bínú díẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un. Ó ti wọ aṣọ tuntun nítorí rẹ̀.

7. Ọgbà méjì ni mo ní. Ọgbà ìsàlẹ̀, níbi tí omi ìyá mi ń ṣàn dé, ń bá ilé lọ. Ọgbà òkè, tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún mi tí èmi àti àbúrò mi sì jọ ṣán, ni mo ti fi sílẹ̀ fún àbúrò mi nínú ìhágún àkọ́kọ́. Ó ṣì lè jẹ́ tirẹ̀. Kó sọ lórí ètò rẹ̀ lónìí, pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, láìfi orin bò ó: Ẹ má gbìn ní òjò àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ohun mìíràn rí. N kò ní kó tọrọ àforíjì, n kò sì ní kó dárúkọ Alápò. Agbẹjọ́rò ti pè é láti sọ èyí fún un. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi ń lépa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kò le. Káàdì yẹn wà lára ògiri ilé ìdáná káàkiri ìlú. Yóò wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí èmi má sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé. N kò fẹ́ kí orúkọ mi máa pa ọgbà àwọn ènìyàn lẹ́yìn tí mo bá ti lọ.

Bí kò bá sọ ọ́, kí a pín ọgbà òkè ní ebè ebè fún àwọn ará àdúgbò tí ohun ọ̀gbìn wọn gbẹ, kí Ìyá Ìbejì sì kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Kí ọmọ mi wá ra bírò pupa, kó máa lọ láti ilé ìdáná dé ilé ìdáná, kó fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà lára káàdì kọ̀ọ̀kan. Ìlà kékeré kan péré ni. Ọmọ mi, ìyẹn kò ní ba ọwọ́ rẹ jẹ́.

8. Bárò, kéènì ìbomirin àti àdá di ti ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú agolo tí mo fi ń wọn òjò. Kí wọ́n má gbé agolo náà sábẹ́ igi.

Ọkọ́ kékeré tí a gé èèkù rẹ̀ kúrú wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bàbá wa ló gé e fún àbúrò mi nígbà tó ní òun náà fẹ́ kọ ebè, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì ká ọkọ́ àgbà. Ti àbúrò mi ni. Ìpín keje kò kan ọkọ́ náà. Kí ẹ fún un, bó sọ ọ́ tàbí kò sọ ọ́.

Mo ka ìwé yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo wo àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fọwọ́ sí i ní pálọ̀ mi, lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹrin, ọdún tí a fi òjò àkọ́kọ́ tàn wá jẹ.

Ìbuwọ́lù olùhágún: Ìyá Òjò Kejì, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Má nígbà kan rí.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Atẹ̀wé, ti ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ẹlẹ́rìí kejì: Apòògùn, ti ilé oògùn ìkóríta.

Àkíyèsí lórí ìpín keje, bí a ṣe ń fọwọ́ sí i: rédíò wà lórí tábìlì, a ti yí i sókè. Ìpolówó irúgbìn ni wọ́n ṣì ń ṣe lọ́wọ́. Ohùn àbúrò mi kò tíì wọlé.